Ìwọ̀n Wọ́ọ̀dù Ẹ̀rọ àti Ètò Mẹ́mórì fún Ẹni Tó Ń Kọ Kọ̀ǹpáílà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kọ̀ǹpáílà (prógíráàmù tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di àṣẹ tí ẹ̀rọ lè ṣe) fún èdè prógíráàmù kékeré tí ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, láti Kabba títí dé Iyara, Mopa, Isanlu àti Egbe. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń há kì í ṣe ibi tí a ti ń yẹ gírámà wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni, nígbà tí kọ̀ǹpáílà bá fẹ́ pinnu iye báìtì (bíìtì ni ẹyọ 0 tàbí 1; báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ) tí yóò yà sọ́tọ̀ fún nǹkan kan àti ibi tí yóò fi í sí nínú mẹ́mórì. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni àkọsílẹ̀ àpò kajú kan, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní agbègbè wa: lẹ́tà kan tó sọ bí ọjà náà ṣe dára sí, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, àti àmì kan tó sọ bóyá a ti san owó rẹ̀.

Kí ni wọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, kí ló sì kan kọ̀ǹpáílà nínú rẹ̀?

Wọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ni iye bíìtì tí ẹ̀rọ lè gbé sínú rẹ́jísítà rẹ̀ (àyè kékeré inú chip tí ìṣirò ti ń wáyé) kí ó sì fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ laptop tí a ń lò lónìí jẹ́ ti bíìtì 64. Ọ̀pọ̀ fóònù Android àtijọ́ jẹ́ ti bíìtì 32. Àwọn chip kéékèèké kan sì wà tó jẹ́ ti bíìtì 8. Ayé àtijọ́ tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà PDP-11 jẹ́ bíìtì 16, ti PDP-10 jẹ́ 36, ti CDC 6600 sì jẹ́ 60.

Ohun tí kọ̀ǹpáílà ń wá nínú gbogbo èyí ni pé kí ó mọ bí pọ́ńtà (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì kan nínú mẹ́mórì) ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà tó fẹ̀ jù tí ẹ̀rọ lè fúnra rẹ̀ ṣírò, àdírẹ́sì tí irú dátà kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ sí, àti báìtì tó ń ṣáájú nínú nọ́ńbà kan. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń ka ìwé àwọn tó ń ṣe chip: títí di òní, Intel ń pe bíìtì 16 ní word nítorí chip 8086 tí wọ́n gbé jáde ní 1978, nígbà tí ARM ń pe bíìtì 32 bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi orúkọ yẹn pe irú dátà kankan nínú kóòdù yín.

Bí laptop mi bá jẹ́ ti bíìtì 64, ṣé gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ náà jẹ́ bíìtì 64 ni?

Rárá o. Chip nìkan kọ́ ló ń pinnu; Linux tàbí Windows tó wà lórí rẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Lórí Linux àti macOS tó jẹ́ ti bíìtì 64, `int` inú èdè C jẹ́ bíìtì 32, `long` àti pọ́ńtà sì jẹ́ 64. LP64 ni wọ́n ń pe àdéhùn yìí. Lórí Windows tó jẹ́ ti bíìtì 64, pọ́ńtà jẹ́ 64 ṣùgbọ́n `long` ṣì wà ní 32, ìyẹn LLP64. Lórí ẹ̀rọ bíìtì 32, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń jẹ́ 32. Laptop kan náà, chip kan náà, tí ẹ bá fi Linux sí i lówùúrọ̀ tí ẹ sì fi Windows sí i nírọ̀lẹ́, `long` yóò ti yí padà láàárín àsìkò méjèèjì. Ìlànà C kò ṣèlérí ju pé `int` kò ní kéré sí bíìtì 16, pé `long` kò ní kéré sí 32, àti pé `long long` kò ní kéré sí 64. Ìdí nìyí tí C99 (ẹ̀dà ìlànà náà ti ọdún 1999) fi mú `int32_t` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iye bíìtì wọn kì í yí padà, wọlé.

Ṣé kí èdè tiwa ní nọ́ńbà tí fífẹ̀ rẹ̀ ń yí padà láti ẹ̀rọ kan dé èkejì?

Ní tèmi, ẹyọ kan péré. Ẹ kọ iye bíìtì mọ́ orúkọ gbogbo irú nọ́ńbà yòókù, bí i `odidi8`, `odidi32` àti `odidi64`, kí ẹ wá ní `odidi_ẹ̀rọ` kan tí yóò máa bá pọ́ńtà dọ́gba, tí a ó máa lò fún kíka àyè inú mẹ́mórì àti ipò nǹkan nínú tábìlì. Java mú ọ̀nà tó le jù: `int` rẹ̀ jẹ́ bíìtì 32, `long` rẹ̀ sì jẹ́ 64 níbi gbogbo. Go jẹ́ kí `int` jẹ́ 32 tàbí 64 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ bá ṣe rí. Rust ní `i32` àti `i64` tí kì í yí padà, ó sì ya `usize` àti `isize` sọ́tọ̀ fún ohun tó jẹ mọ́ àdírẹ́sì. Ti Rust ni mo fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo owó. Nọ́ńbà odidi bíìtì 32 tó ń gba òdì kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí prógíráàmù bá ń fi kọ́bọ̀ ka owó, bó ṣe yẹ kí ó máa ṣe, ibi tí yóò ti kún ni náírà 21,474,836 àti kọ́bọ̀ 47. Ẹni tó ń ra kajú lọ́pọ̀ yanturu lè ná ju ìyẹn lọ kí àsìkò kajú tó parí, nọ́ńbà náà yóò sì yí padà di òdì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó kọ prógíráàmù bá kọ `odidi32` fúnra rẹ̀, ó kéré tán ó rí ohun tó yàn. Bí ó bá kọ `odidi` lásán, tí ó ṣiṣẹ́ lórí laptop rẹ̀, tí ó wá já a kulẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn, ẹ̀bi ẹni tó ṣe èdè náà ni.

Yíyí nọ́ńbà gbòòrò padà sí tóóró náà kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Okúdù ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti ilẹ̀ Yúróòpù bàjẹ́ kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tó gbéra, nítorí pé prógíráàmù rẹ̀ yí nọ́ńbà bíìtì 64 tó ní désímà sí odidi bíìtì 16 tí kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí èdè yín fi dandan lé e pé kí ẹni tó fẹ́ gé nọ́ńbà kúrú kọ ọ́ síta gbangba.

Ibo ni kí n kọ gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí sí nínú kọ̀ǹpáílà?

Ojú kan ṣoṣo. Ẹ ṣe tábìlì kan fún ẹ̀rọ àfojúsùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí prógíráàmù yóò ti ṣiṣẹ́, kí gbogbo apá kọ̀ǹpáílà máa lọ béèrè lọ́wọ́ tábìlì yẹn. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí 8 tàbí 4 tí ẹnì kan kọ sáàárín kóòdù nítorí pé “pọ́ńtà jẹ́ báìtì 8”, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí kọ̀ǹpáílà máa wọn ara rẹ̀ dípò ẹ̀rọ àfojúsùn. Bí ẹ bá fi C kọ kọ̀ǹpáílà, tí ẹ wá kọ `sizeof(void*)` láti mọ fífẹ̀ pọ́ńtà, ìdáhùn tí ẹ ó gbà ni ti laptop tí ẹ jókòó sí. Ó lè jẹ́ fóònù bíìtì 32 ni prógíráàmù náà ń lọ. Ìṣirò tí kọ̀ǹpáílà ń ṣe sílẹ̀ kí prógíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ náà wà nínú ewu yìí. Ká sọ pé ẹnì kan kọ 70000 × 70000 ní `odidi32`. Laptop yóò sọ pé 4,900,000,000. Bí èdè yín bá ní kí nọ́ńbà tó kún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ padà, ohun tí ẹ̀rọ àfojúsùn yóò rí ni 605,032,704. Bí kọ̀ǹpáílà kò bá gé ìdáhùn náà sí bíìtì 32 kí ó tó lò ó, prógíráàmù kan náà yóò máa fúnni ní ìdáhùn méjì: ọ̀kan nígbà tí a kọ àwọn nọ́ńbà náà sínú kóòdù, òmíràn nígbà tí a kà wọ́n láti inú fáìlì.

LLVM (ohun èlò tí a fi ń kọ́ apá ìkẹyìn kọ̀ǹpáílà) ni mo ń lò. Kí ni ìtumọ̀ okùn lẹ́tà gígùn tó ń pè ní `datalayout`?

Tábìlì tí mo sọ lókè yìí náà ni, ó kàn kúrú ni. Nínú ti Linux lórí x86-64 (irú chip bíìtì 64 tó wà nínú ọ̀pọ̀ laptop), `e` túmọ̀ sí pé báìtì tó kéré jù ló ń ṣáájú. `i64:64` túmọ̀ sí pé odidi bíìtì 64 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ààlà bíìtì 64, ìyẹn àdírẹ́sì báìtì tó ṣeé fi 8 pín láìṣẹ́kù. `f80:128` sọ pé nọ́ńbà désímà oníbíìtì 80 yóò dúró ní ààlà 128. `n8:16:32:64` ń dárúkọ fífẹ̀ odidi tí chip náà ń ṣe fúnra rẹ̀. `S128` sì ń sọ ààlà stack (apá mẹ́mórì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó nǹkan tirẹ̀ sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́). Ẹ má fọwọ́ kọ ọ́. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ LLVM fún ẹ̀rọ àfojúsùn tí ẹ yàn, nítorí pé ó máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀dà kan sí èkejì.

Mo ka báìtì àkọsílẹ̀ kajú mi, 10 ni. Kí ló dé tí ẹ̀rọ ní 24?

Lẹ́tà náà gba báìtì 1, ìwọ̀n tó jẹ́ `odidi64` gba 8, àmì owó gba 1. Lóòótọ́, 10 ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ kí nǹkan báìtì 8 bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tó ṣeé fi 8 pín láìṣẹ́kù. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní alignment. Chip kan wà tí yóò kọ̀ jálẹ̀ bí ẹ kò bá tẹ̀ lé e, òmíràn yóò gbà ṣùgbọ́n yóò falẹ̀, pàápàá bí nọ́ńbà náà bá fẹsẹ̀ kan sí ìlà cache (mẹ́mórì kékeré tó yára tó wà nínú chip) kan tó fẹsẹ̀ kejì sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́tà wà ní ipò 0. Ipò tó kàn ni 1, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpáílà fi àlàfo báìtì 7 sílẹ̀, ó gbé ìwọ̀n sí ipò 8 títí dé 15. Àmì owó bọ́ sí 16. A ti lo báìtì 17, ṣùgbọ́n bí a bá to irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ méjì tẹ̀ léra nínú tábìlì, ìwọ̀n inú èkejì yóò bọ́ sí ojú tí kò yẹ, nítorí náà a fi báìtì 7 mìíràn dí ìdí rẹ̀, ó di 24. Ìṣirò tó ń gbé ipò lọ sí ààlà tó kàn kò ju ìlà kan lọ: `(ipò + a - 1) & ~(a - 1)`, níbi tí `a` ti jẹ́ ààlà, tí ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 2, 4, 8 tàbí irú wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 17 àti 8 dán an wò, 24 ni yóò já sí.

Bí ẹ bá gbé ìwọ̀n síwájú, kí lẹ́tà àti àmì tẹ̀ lé e, àkọsílẹ̀ náà yóò di 16. Fún àkọsílẹ̀ 100,000, ìyàtọ̀ náà jẹ́ báìtì 800,000, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ àlàfo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ibi tó wá ń dun àwọn èèyàn jù nìyí: fífẹ̀ wọ́ọ̀dù nìkan kò tó láti mọ ààlà. Lórí Linux fún x86 bíìtì 32, àdéhùn System V ní kí odidi bíìtì 64 tó wà nínú struct (orúkọ tí C ń pe àkọsílẹ̀) dúró ní ààlà báìtì 4, nítorí náà àkọsílẹ̀ wa, bí a ṣe kọ́kọ́ tò ó, jẹ́ báìtì 16 níbẹ̀. Lórí ARM bíìtì 32, ààlà rẹ̀ jẹ́ 8, àkọsílẹ̀ náà sì jẹ́ 24. Ẹ̀rọ méjèèjì ni a ń pè ní ti bíìtì 32, síbẹ̀ bí ọ̀kan bá da mẹ́mórì rẹ̀ sínú fáìlì tààrà, èkejì kò ní lè kà á. Nínú tábìlì yín, ẹ ya ìwọ̀n (iye báìtì tó gbà) àti ààlà sọ́tọ̀ fún irú dátà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀kan ń bí èkejì.

Ààlà tún ní èrè tirẹ̀. Bí gbogbo nǹkan tí pọ́ńtà ń tọ́ka sí bá wà ní ààlà 8, bíìtì mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú àdírẹ́sì yóò jẹ́ òdo nígbà gbogbo, a sì lè fi wọ́n pa àmì mọ́. Èdè OCaml ń lo bíìtì kan ṣoṣo láti fi ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára pọ́ńtà, ìdí nìyẹn tí odidi rẹ̀ fi jẹ́ bíìtì 63 lórí ẹ̀rọ bíìtì 64.

Ṣé kọ̀ǹpáílà lè máa fúnra rẹ̀ tún àwọn ẹ̀ka àkọsílẹ̀ tò kí àlàfo lè dín kù?

Èdè yín ni yóò sọ. C kò gbà á láàyè: bí a bá ṣe kọ wọ́n ni wọn yóò ṣe tẹ̀ léra. Rust ń tún wọn tò bó ṣe wù ú, àfi bí ẹ bá kọ `repr(C)` sí orí struct náà. Ẹ gba kọ̀ǹpáílà láàyè láti tò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fún ẹni tó ń bá C ṣe pọ̀ ní àmì kan tí yóò fi dá a dúró.

Báìtì wo ló ń ṣáájú nínú nọ́ńbà?

Ká sọ pé àpò kajú kan wọn 80,000 gíráàmù. Ní hẹkisadésímà (ìkà onímẹ́rìndínlógún), nọ́ńbà yẹn jẹ́ 00 01 38 80. Ẹ̀rọ little-endian, bí i x86 àti ọ̀pọ̀ jù lọ ARM tó wà lọ́jà, yóò tò ó sínú mẹ́mórì bí i 80 38 01 00. Ẹ̀rọ big-endian yóò tò ó bó ṣe wà. Bí ti àkọ́kọ́ bá kọ fáìlì, tí ti èkejì kà á láìyí i padà, àpò kan péré yóò di 2,151,153,920 gíráàmù, ìyẹn ju ẹgbàá tọ́ọ̀nù lọ. Danny Cohen ló fa orúkọ méjèèjì yìí wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú àròkọ kan ní ọdún 1980. Kókó fún kọ̀ǹpáílà ni pé, nígbà tó bá ń kọ nọ́ńbà sínú fáìlì iṣẹ́, kí ó kọ ọ́ ní báìtì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí tábìlì ṣe wí, kí ó má ṣe da mẹ́mórì tirẹ̀ síbẹ̀.

Báwo ni `odidi64` yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí fóònù bíìtì 32?

Kọ̀ǹpáílà yóò pín in sí méjì. Fún àròpọ̀, yóò ro apá ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò sì ro apá òkè pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kọjá láti ìsàlẹ̀. Àṣẹ méjì péré ni lórí ARM. Ìsọdipúpọ̀ gba àṣẹ díẹ̀ sí i. Pípín le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a máa ń pe iṣẹ́ (function) kan tó ti wà nínú láíbìrì, bí i `__divdi3` ti GCC lórí x86 tàbí `__aeabi_ldivmod` lórí ARM. Bí ẹ bá gbàgbé láti so láíbìrì yẹn mọ́ ọn, linker (prógíráàmù tó ń so àwọn apá kóòdù pọ̀) yóò ké sí yín.

Láti oṣù Ògún ọdún 2019 ni Google Play ti ń béèrè pé kí áàpù tó ní kóòdù ìpìlẹ̀ (native) ní ẹ̀dà bíìtì 64, ṣùgbọ́n ẹ̀dà bíìtì 32 ṣì wúlò fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ti pẹ́.

Báìtì mélòó ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kan?

Ó ju ohun tí ojú rí lọ. Ẹ mú `ẹ̀kọ́`. Ojú rí lẹ́tà mẹ́ta. Ní UTF-8 (ọ̀nà tí a ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà), ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ gba báìtì 3, àmì ohùn gba 2, k gba 1, ọ gba 3, àmì ohùn rẹ̀ gba 2: àpapọ̀ 11. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ya àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára lẹ́tà, ó ṣì jẹ́ 11, ṣùgbọ́n báìtì inú rẹ̀ yàtọ̀, kọ̀ǹpáílà yóò sì sọ pé ọ̀rọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì kì í ṣe ọ̀kan náà. Fún èdè tí ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn: ẹ sọ gbogbo fáìlì di NFC (ìlànà tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi kọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ fi gígùn okùn lẹ́tà pa mọ́ ní báìtì, ní `odidi_ẹ̀rọ`, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńtà rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe pe báìtì kan ní lẹ́tà kan láé.

Ibo ni nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbé nígbà tí prógíráàmù bá ń ṣiṣẹ́?

Àwọn àṣẹ wà ní apá fáìlì tí a ń pè ní `.text`, ohun tí kì í yí padà wà ní `.rodata`, ohun tó ní iye láti ìbẹ̀rẹ̀ wà ní `.data`, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní òdo sì wà ní `.bss`. Ìkẹyìn yìí kì í gba àyè nínú fáìlì: tábìlì `odidi64` mílíọ̀nù kan tó jẹ́ òdo kò ní fi ju iye báìtì rẹ̀, 8,000,000, sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti kà. Bí ẹ bá wá fi 1 sí ipò àkọ́kọ́ rẹ̀, gbogbo báìtì mílíọ̀nù mẹ́jọ náà yóò wọ inú fáìlì. Fún ẹni tó ń fi dátà rà á sórí fóònù, ìyẹn kì í ṣe eré.

Stack ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lórí x86-64 àti ARM. Lórí Linux x86-64, àdéhùn ní kí ó wà ní ààlà báìtì 16 nígbà tí a bá fẹ́ pe iṣẹ́ kan; bí kọ̀ǹpáílà yín kò bá pa á mọ́, prógíráàmù lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà pípẹ́ títí tí yóò fi pe iṣẹ́ C kan tó ń lo `movaps` (àṣẹ x86 tó béèrè ààlà 16), tí yóò sì kú lójijì.

Ṣé a lè fi èdè wa kọ nǹkan fún Arduino (bọ́ọ̀dù kékeré tí a fi ń darí ẹ̀rọ)?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ mú tábìlì mìíràn dání. ATmega328P tó wà lórí Arduino Uno jẹ́ ti bíìtì 8, pọ́ńtà rẹ̀ jẹ́ 16, mẹ́mórì tó ṣeé kọ sí jẹ́ kílóbáìtì 2 péré, ti àṣẹ sì jẹ́ 32 ní ibi ọ̀tọ̀. Kò béèrè ààlà kankan.

Mi ò ní gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé tábìlì mi tọ́?

Ẹ kọ struct kan náà ní C, kí ẹ fi `_Static_assert` àti `offsetof` bi kọ̀ǹpáílà C fún ẹ̀rọ àfojúsùn yẹn. Kò pọn dandan kí prógíráàmù náà ṣiṣẹ́ kí ẹ tó rí ìdáhùn. Fún ìdánwò tó ń ṣiṣẹ́, QEMU (prógíráàmù tó ń ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn) lè ṣe bí ARM tàbí bí s390x (irú ẹ̀rọ ńlá IBM) lórí laptop kan ṣoṣo, s390x sì ni mo fẹ́ràn jù nítorí pé big-endian ni, kì í sì í fojú fo ẹni tó gbàgbé ètò báìtì. Ẹ lè gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dára, kí ẹ sì máa lò ó nílé láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ fi àkọsílẹ̀ kajú, bí a ṣe kọ́kọ́ tò ó, bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 24 lórí Linux x86-64, 16 lórí Linux x86 bíìtì 32, 24 lórí ARM bíìtì 32, àti 10 lórí ATmega328P. Bí ẹ bá rí 17 níbikíbi, ẹ kò tíì fi àlàfo dí ìdí àkọsílẹ̀ náà; bí ẹ bá rí 24 lórí x86 bíìtì 32, iye báìtì irú dátà ni ẹ ń lò gẹ́gẹ́ bí ààlà.